Oore Igún: Ọpẹ́ àti Àánú fún Ẹ̀dá Alààyè nínú Lítíréṣọ̀ Alohùn Yorùbá

Bí a bá kó gbogbo ẹyẹ tí ó wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá jọ, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ipò pàtó tí àwọn baba wa fi wọ́n sí. Ọ̀kín ni ọba ẹyẹ, ẹwà ni a fi mọ̀ ọ́n. Àdàbà ni ti ìdẹ̀ra, àṣá ni ti ìjágbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan igún, ó di méjì. Ẹnu kan náà tí a fi ń wúre pé gúnnugún kì í kú léwe ni a fi ń fi orí rẹ̀ tí ó pá ṣe ẹ̀sín. Ẹni tí ó gbé ẹbọ kalẹ̀, tí ó ń retí kí igún wá jẹ ẹ́, lè sọ òkò lù ú ní ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ kejì. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ igún fi rí báyìí, àti ohun tí ó lè kọ́ wa nípa ọpẹ́ àti àánú tí ènìyàn jẹ àwọn ẹ̀dá mìíràn tí Olódùmarè dá.

Èrò kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ nígbà tí a bá ń jíròrò lórí àlọ́ àti òwe. Àwọn tí ó di èrò náà mú gbà pé ẹranko inú lítíréṣọ̀ wa kì í ṣe ẹranko rárá. Ènìyàn ni wọ́n, aṣọ ẹranko ni wọ́n kàn gbé wọ̀. Wọ́n ní bí Ìjàpá bá jalè nínú àlọ́, olè inú ìlú ni a ń bá wí, kò sí ohun tí ó kan ahun tí ń rìn nínú igbó. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, nítorí pé ìfohunpènìyàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọnà èdè tí àlọ́ dúró lé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á wọlé pátápátá, ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé Yorùbá kò ní ohunkóhun láti sọ nípa bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn máa ṣe sí ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn. Ní tèmi o, mo rò pé òwe mẹ́ta tí ó jẹ mọ́ igún, pẹ̀lú ìtàn kan, tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òwe Oore

Òwe kìn-ín-ní ni èyí tí ó sọ pé: Oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tí ó fi yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹni má ṣe oore bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìtàn tí a fi ń tú òwe yìí yàtọ̀ láti agbègbè kan sí èkejì. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nípa igún ni ti Ilẹ̀ àti Ọ̀run. Àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe ọdẹ, ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì rí pa. Ilẹ̀ ní òun ni àgbà, òun ni òun yóò mú un. Ọ̀run náà ní òun ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọn kò rí ìjà náà parí, Ọ̀run bínú gòkè lọ, ó sì mú òjò lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Odò gbẹ, oko jóná, tènìyàn tẹranko ń wá omi kiri. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Ilẹ̀ gbà láti fi ẹmọ́ náà ránṣẹ́ sí Ọ̀run. Ẹyẹ kan tẹ̀lé ẹyẹ kan, wọn kò lè gbé e dé ibẹ̀. Igún ni ó gbé e dé. Kí ó tó padà dé ilé, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Olúkálukú ti wọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Igún kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tí ó ṣí i fún un. Ibi tí ó bá ti yọjú ni wọ́n ti ń ṣá a lórí, títí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi tu tán.

Bí a bá mú apá tí ó kẹ́yìn òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn lásán, ohun tí yóò kọ́ wa ni pé kí a ṣíwọ́ oore ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìhun gbólóhùn náà fínnífínní. Òwe náà kò sọ pé "igún ṣe oore." Ohun tí ó sọ ni pé "oore ni igún ṣe." Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni èyí, a kì í sì í ṣàdédé tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ bí kò bá sí ẹni tí a ń dá lóhùn. Ta ni òwe yìí ń dá lóhùn? Ó ń dá ẹni tí ó wo orí igún, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì rò pé ìwà burúkú ni ó pá a lórí. Òwe náà ní rárá o, oore ni. Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ni, ó ń gbèjà igún lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn.

Nígbà tí a bá ti mọ èyí, apá ìkẹyìn náà kò ní ṣòro láti túmọ̀. Ẹni tí ó sọ pé kí a má ṣe oore mọ́ kò kórìíra oore; ẹni tí wọ́n fi ibi san oore fún ni, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Àwọn tí ó ń bá wí ni àwọn tí ó mu omi òjò náà tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn. Èyí bá òwe mìíràn mu, èyí tí ó sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ ṣe àkíyèsí pé nínú ìtàn yìí, gbogbo ayé ni ó jẹ igún ní gbèsè. Kò sí ẹni tí kò mu nínú omi náà, títí kan àwa tí a ń pa òwe náà.

Òwe Òjò

Òwe kejì ni: Òjò ti ń pa igún bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹni tí ìyà ti ń jẹ láti ìgbà pípẹ́ ni ó máa ń pa á, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ẹ kú ìrọ́jú fún un bí ẹni pé àná ni ìyà náà bẹ̀rẹ̀. Òwe kúkúrú ni, kò ní ju gbólóhùn méjì péré lọ, ṣùgbọ́n ó gba ìrònú.

Lọ́nà kìíní, bí a bá fi í wé ìtàn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, a ó rí i pé òjò tí ń pa igún yìí ni òjò tí igún fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ wá. Lọ́nà kejì, kò sí bí ènìyàn yóò ṣe pa òwe yìí tí kò ní jẹ́ pé ó ti dúró wo igún rí nínú òjò, bí ó ti bà sórí ẹ̀ka tàbí orí òrùlé, tí ìyẹ́ rẹ̀ rẹ̀ dòò, tí kò sì lè fò. Wíwò ni ìpìlẹ̀ àánú. Ẹni tí kò wo ẹ̀dá kan dáadáa kò lè káàánú rẹ̀.

Ibí gan-an ni èrò àwọn tí ó ní aṣọ lásán ni ẹranko jẹ́ ti kọsẹ̀. Nínú àlọ́ Ìjàpá, ẹranko ni ó gbé ìwà ènìyàn wọ̀. Nínú òwe yìí, ènìyàn ni ó gbé ìyà igún wọ̀. Ó wo ẹyẹ tí òjò ń pa, ó sì sọ pé bí ó ti ń ṣe ẹyẹ yìí ni ó ń ṣe èmi náà. Bí ìyà igún kò bá jẹ́ ìyà gidi lójú ẹni tí ó pa òwe náà, àfiwé náà kò ní ní agbára kankan.

Òwe Èèwọ̀

Òwe kẹta ni: A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àwítúnwí ni ó gbé òwe yìí ró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pe "a kì í," ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pe igún. Kò sọ pé "ẹ má pa igún," nítorí pé àṣẹ tí ẹnìkan pa fún ẹlòmíràn kọ́ ni. "A" ni ó lò, èyí tí ó kó ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ pọ̀. Kò sì sọ ìdí rẹ̀. Àìsọ ìdí yìí ni ó fa ìtumọ̀ méjì tí ó ta ko ara wọn.

Àwọn kan sọ pé ìríra ni ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ tí ń jẹ òkú, tí ń jẹ ìdọ̀tí orí ààtàn, ta ni yóò jẹ ẹ́? Àwọn tí ó ka Bíbélì pàápàá lè tọ́ka sí Ìwé Léfítíkù orí 11, níbi tí a ti ka igún mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó jẹ́ ohun ìríra tí ọmọ Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ. Ìtumọ̀ yìí ṣe é gbà fún gbólóhùn kejì nìkan. Bí ó bá jẹ́ ìríra ni, kí ni ó dé tí a kò fi gbọdọ̀ pa á? Ejò kò wu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti jẹ, síbẹ̀ a ń pa ejò. Kí sì ni ó dé tí a tún fi mẹ́nu ba orí bíbọ, nígbà tí kò sí ẹni tí í fi ohun ìríra bọ orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìtumọ̀ kejì ni èmi fara mọ́. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, igún ni ó máa ń wá jẹ ẹbọ tí a bá gbé sí oríta tàbí ìdí òrìṣà, dídé rẹ̀ sì jẹ́ àmì pé ẹbọ ti fín, ó ti dà. Ẹni tí ń bá wa gba ẹbọ, a kì í fi òun fúnra rẹ̀ rúbọ. Nípa báyìí, gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ní ìdí kan ṣoṣo, ìdí náà sì ni ọpẹ́. Igún gbé ẹbọ lọ fún wa, igún ń bá wa gba ẹbọ. Nítorí náà ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ kàn án. Ojúṣe sí Ẹlẹ́dàá ni, nítorí pé ìránṣẹ́ tí ó wà láàárín ayé àti ọ̀run ni a kò gbọdọ̀ ṣe ní ibi.

Ohun kan tún wà tí ó ti ìtumọ̀ yìí lẹ́yìn. Àwọn Lukumí ti ilẹ̀ Kúbà, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, ní ìtàn kan tí ó sún mọ́ tiwa gan-an. Nínú ìtàn tiwọn, ọ̀dá dá, Ọ̀ṣun sì di ọ̀kín, ó fò lọ bá Olódùmarè láti bẹ̀bẹ̀ fún òjò. Oòrùn jó ìyẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di igún kí ó tó dé ibẹ̀. Ibú Kolé ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun tí ó ní ìtàn yìí, wọ́n sì ń bọlá fún igún nítorí rẹ̀. Ìtàn méjèèjì gbà pé oore ni ó pá igún lórí. Ìyàtọ̀ wọn wà ní ìparí. Ìtàn tiwa fi igún sílẹ̀ ní ìta nínú òjò, ti Lukumí fi í sí ipò ọlá. Kì í ṣe pé ìtàn tiwa burú jù. Ìtàn tiwa ni ó bá ẹni tí ń gbọ́ ọ wí, nítorí pé ó fi gbèsè náà sílẹ̀ láìsan.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ Gbé Le

Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ gbójú fo ohun tí ó lòdì sí èrò rẹ̀. Ẹnìkan lè bi wá pé, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ àánú, ṣé kì í ṣe ewúrẹ́ àti adìẹ ni Yorùbá fi ń rúbọ? Òótọ́ ni. Lítíréṣọ̀ wa kò sọ pé kí a má pa ẹran rárá. Ìjálá, tí í ṣe ti àwọn ọdẹ, kún fún oríkì ẹranko àti ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìjálá ní 1966. Ẹni tí ń ki ẹran náà ni ó sì ń yìnbọn pa á. Ohun tí oríkì náà ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹran di ohun tí kò ní orúkọ. Ọdẹ mọ ìrìn rẹ̀, ó mọ ìwà rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀dá ni òun pa, kì í ṣe ìtì igi. Ìgbésẹ̀ ọpẹ́ nìyí, ṣùgbọ́n kò tíì dé àánú.

A tún lè bèèrè pé, bí ó bá jẹ́ oore ni ó gba igún sílẹ̀, ẹ̀dá tí kò ṣe wá lóore ńkọ́? Ìdáhùn wà nínú òwe tí ó sọ pé ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí kò bèèrè oore kankan lọ́wọ́ ọmọ ẹyẹ. Kò ní orúkọ, kò gbé ẹbọ, kò bẹ òjò. Ara tí ó lè dùn ún nìkan ni ó ní, ìyẹn sì tó. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ méjì ni lítíréṣọ̀ wa fi lélẹ̀ fún ìwà wa sí àwọn ẹ̀dá alààyè: gbèsè oore, èyí tí ó bí ọpẹ́, àti ìmọ̀lára ìrora, èyí tí ó bí àánú. A kì í ṣe ọmọlúàbí sí ènìyàn nìkan.

Igún Tòótọ́

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí igún inú òwe, kí a wo igún tí ń fò. Igún tí ó máa ń wá sí àárín ìlú ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Necrosyrtes monachus. Òkú ẹran àti ìdọ̀tí ni ó ń jẹ, oje inú ikùn rẹ̀ sì le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa àrùn. Àwọn onímọ̀ sọ pé orí tí kò ní ìyẹ́ ń ran irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí ó bá ń jẹun. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń bá wa ṣe bá orí rẹ̀ tí ó pá tan. Oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí, yálà a gba ìtàn gbọ́ tàbí a kò gbà á gbọ́.

Ẹyẹ yìí ti ń lọ. Ní àwọn ìlú Yorùbá, níbi tí ó ti wọ́pọ̀ rí ní ọjà, ní orí ààtàn àti níbi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òde òní ni kò mọ̀ ọ́n ju inú òwe lọ. Ní 2015, àjọ IUCN, tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní gbogbo àgbáyé, fi í sí ipò àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Ní 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, wọ́n sì bá òkú àwọn kan nínú wọn láìsí orí. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, orí igún àti ẹ̀yà ara rẹ̀ mìíràn ń bẹ lórí àtẹ àwọn tí ń ta èlò ìṣègùn. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo igún yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tí a bá pa kì í tètè ní àrọ́pò. Àwọn ará Íńdíà ti rí ohun tí ń tẹ̀lé e. Láti àwọn ọdún 1990 ni oògùn diclofenac, tí wọ́n ń lò fún màlúù, ti ń pa igún tí ó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà kan, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó run. Ajá ìgboro ni ó gba ipò igún nídìí òkú ẹran, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ní 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Èyí tí ó ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé àwọn tí ń pa igún ṣe oògùn kì í ṣe àjèjì sí òwe èèwọ̀. A máa ń gbọ́ ọ nínú ọfọ̀ ìdáàbòbò, níbi tí ẹni tí ń pe ọfọ̀ ti ń fi ara rẹ̀ wé igún, kí ẹnikẹ́ni má baà lè pa á, bí a kì í ti í pa igún. Agbára ọfọ̀ náà dúró lórí pé òótọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí a bá wá ń pa igún, àfiwé náà ti wó lulẹ̀. Bákan náà ni ìwúre pé gúnnugún kì í kú léwe: ta ni yóò fi ẹ̀mí gígùn ẹyẹ tí a kò jẹ́ kí ó dàgbà wúre fún ọmọ rẹ̀? Bí ẹ̀dá bá parẹ́, ọ̀rọ̀ tí a gbé lé e lórí yóò ṣófo.

Iṣẹ́ wa nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké lọ́la, tí wọn yóò máa tú òwe fún wọn. Bí ọmọ kan bá sọ pé ìtumọ̀ òwe igún ni pé kí ènìyàn má ṣe oore mọ́, kí olùkọ́ má fi àmì "ó tọ́" sí i, kí ó sì kọjá lọ. Kí ó bi í pé: ta ni ó mu omi òjò náà? Ta ni kò ṣí ilẹ̀kùn? Ìgbà tí ọmọ náà bá dáhùn ìbéèrè méjì yìí ni ó tó mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí.